Ẹni Tó Lọ Kọ́ Ewé Nílùú Ọba

Darkuman, Akra
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1998

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìdúró. Mo bẹ Ọlọ́run kí orúnkún yín máa gbà yín láyè láti kírun. Ní tiwa níbí, a wà. Mọ́nsúrù ọkọ mi ń kí yín. Fáànù ló kó kún ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Okaishie lọ́dún yìí, àfi bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n wá ń pín iná fún wa bí ẹran Iléyá, àdúgbò kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ta ni yóò ra fáànù tí kò ní yí? Ìpara tí èmi ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ wa. Ìyá rẹ̀ náà ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ló fi ń kíni, ojú rẹ̀ kì í kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá, mo ti lóyún. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mi ò tètè sọ nítorí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé oyún kì í fẹ́ ariwo. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ka ọmọ aládùúgbò fún mi létí nínú ilé yìí, Ọlọ́run ti gbọ́.

Egbòogi tí ẹ fi rán Fatawu awakọ̀ dé ọwọ́ mi, àmọ́ ó bá oyún nílẹ̀. Mo dúpẹ́ gan-an, Ìyá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Oorun kò kun ojú mi mọ́. Mo lọ sí ọsibítù, dókítà kò gbójú sókè wò mí tó fi kọ oògùn. Habiba, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní Dansoman, Dókítà Zuweira. Ọmọ Tàmálè ni, ìlú Ọba ló ti kọ́ iṣẹ́ egbòogi, ó sì gbàwé ẹ̀rí. Kristẹni, Mùsùlùmí, ará Ga, Yorùbá bí tiwa tí wọ́n ń pè ní Alata níbí, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wa jókòó sí. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, dókítà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá a nínú ọgbà. Nígbà tó kàn mí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sún àga mọ́ mi. Ó bi mí ní ohun tí mo ń jẹ láàárọ̀, bí oòrùn Okaishie ṣe ń ṣe mí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù, bí èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe ń gbé. Ó tó wákàtí kan. Ó ní òun kì í fún ènìyàn méjì ní ìgò kan náà, nítorí ara kò dọ́gba.

Ó wá bèèrè bí ìbímọ ṣe ń rí fún àwọn obìnrin ìdílé wa. Mo sọ fún un pé Abíọ́lá, àbúrò yín, kú pẹ̀lú oyún nínú, pé ó yọ̀ ṣubú nídìí kànga. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n tún bi yín dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín tó ń wojú ọ̀nà,
Àmínátù


Ìsọ̀ Eléwé, Ṣakí
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1998

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ tí ojú rẹ̀ kì í kíni. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Nígbà tí mo ka ibi oyún, mo fi aṣọ bo ọjà mi, mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run láàárín èèpo igi, àwọn oníbàárà rò pé mo dákú ni. Mi ò sunkún. Ẹni tó bá ní mo sunkún, irọ́ ló pa.

Ní báyìí, jẹ́ kí n bá ọ wí. Ìwọ ọmọ eléwé ọmọ, tó jẹ́ pé orí àpò èèpo igi ni mo máa ń tẹ́ ọ sí tí mo bá ń tajà, ìwọ lo kọ ọ́ sínú ìwé pé o dúpẹ́ oògùn? Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì! Ta ló ń dúpẹ́ oògùn? Ọjọ́ wo lo rí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi tó ní ẹ ṣé? Wọ́n á gbà á, wọ́n á kẹ̀yìn sí mi, wọ́n á máa lọ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹnu dúpẹ́ oògùn ti lé e lọ nìyẹn. Akra ti fọ orí rẹ tónítóní, kò ku nǹkan kan níbẹ̀.

Ó wá ku obìnrin rẹ. Ó lọ kọ́ ewé nílùú Ọba! Mo ka ibẹ̀ sókè, Ìyá Olúdáre tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àpótí. Ewé wo ló wà nílùú Ọba? Níbi tí wọ́n ní igi ń wà níhòòhò nínú òtútù bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sẹ́yìn ilé? Ó fi gbogbo igbó Tàmálè sílẹ̀, ó wọ bàálù, ó lọ bi òyìnbó pé kí lorúkọ ewé. Ìwọ náà fi mí sílẹ̀, o lọ bi òun. Ẹ kú oríire, ẹ̀yin méjèèjì.

Ó ní kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ṣé oníṣègùn ni àbí ọlọ́pàá? Ní tèmi, aláìsàn á dé iwájú mi, mo wo ẹyinjú rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá ń bèèrè, kò mọ̀ ọ́n ni. Wákàtí kan gbáko, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ! A ní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní àdúgbò wa níbí. Olófòófó là ń pè wọ́n.

Nípa Abíọ́lá, kànga ni. Ó ṣubú, ó kú, a sin ín. Kí ni ará Dansoman fẹ́ fi kànga Ṣakí ṣe?

Mo fi àgbo aboyún rán Fatawu. Mu ún. Má sì dúpẹ́.

Ìyá rẹ tí kò wọ bàálù rí,
Àgbékẹ́


Darkuman, Akra
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, 1998

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ kú ìbínú. Mo ti gba ìbáwí, mi ò ní dúpẹ́ oògùn mọ́ láyé mi. Ẹ sì bá mi kí Ìyá Olúdáre, ẹ ní kó rọra jókòó.

Mo túmọ̀ lẹ́tà yín fún Dókítà Zuweira láti òkè délẹ̀. Ẹ rò pé yóò bínú, àbí? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé ìyá àgbà òun ló kọ́ òun ní ewé, ní Tàmálè, kí òun tó mọ ìwé kà. Ó ní ìbéèrè ni òun lọ kọ́ nílùú Ọba.

Ó tú ìdì yín sórí tábìlì. Ó gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn ní èdè tirẹ̀, èmi ń dá a lóhùn ní Yorùbá. Ó ní ẹni tó di ìdì yẹn mọṣẹ́. Káún tí ẹ dì sí i nìkan ló mú kúrò. Ó ní káún máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn, kí ó jìnnà sí mi títí n ó fi bímọ, nínú àgbo àti nínú ọbẹ̀. Ó ní kí n má tíì mu ìyókù náà, títí òun yóò fi mọ ara mi dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fi ń dì mí lápá nígbàkigbà tí mo bá lọ. Ó tún ní òun kì í tọ́jú aboyún tí kò bá forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, nítorí náà mo ti forúkọ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í jáde ní yàrá òun, bẹ́ẹ̀ ẹ pè é ní olófòófó.

Ìyá, ọmọdé ni mí nígbà tí Abíọ́lá kú, ṣùgbọ́n mi ò fọ́jú. Mo rántí ṣíbí irin kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Bàbá wa ló mú un lọ jù sínú ṣáláńgá. Ẹni tó ṣubú nídìí kànga, kí ló fẹ́ fi ṣíbí ṣe?

Èmi tó ń retí òótọ́,
Àmínátù


Ìsọ̀ Eléwé, Ṣakí
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, 1998

Àmínátù,

Mo kí ọ. Mo kí oyún inú rẹ, òun nìkan ni kò tíì bú mi.

Obìnrin kan dé láti òkè òkun, ó ní káún ìyá mi kò dáa. Káún tí ìyá ìyá mi lò. Ó mọ gbogbo ìyókù? Ó gbóòórùn wọn ni. Ajá náà ń gbóòórùn, a ò tíì gbé ajá sórí àga kó máa bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ṣíbí wo? Ọmọ tí kò tíì lè so ìró mọ́ra ló rí ṣíbí. Bí mo bá ní kànga, kànga ni.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun kan kí o tó fọwọ́ ara rẹ tú ilé rẹ ká. Kí Mọ́nsúrù tó fẹ́ ọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ rán aṣojú láti Akra wá sí Ṣakí. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n sùn sí kí a má baà mọ̀. Wọ́n ń ra gúgúrú kiri lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa, wọ́n ń bèèrè: ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ wà nínú ilé yẹn? Wèrè ńkọ́? Wárápá ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ní kò sí. Nítorí ìdáhùn yẹn lo ṣe wà ní Darkuman tí ò ń pe ara rẹ níyàwó. Ìyá ọkọ rẹ ti ń wá igi tí yóò fi lé ọ láti ọjọ́ pípẹ́, ìwọ fẹ́ gé igi náà fún un, o fẹ́ bá a gbẹ́ ẹ dán pẹ̀lú. Obìnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ kì í jáde ní yàrá òun? Gbogbo ẹni tó tú àṣírí rí ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Má bi mí mọ́. Bí o bá tún bi mí, mi ò ní fèsì.

Àgbékẹ́ ni


Darkuman, Akra
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1998

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo sì tún ń bi yín. Ẹ bínú tó bó ṣe wù yín.

Ẹsẹ̀ mi ti wú. Bàtà kankan kò wọ̀ mí mọ́, sálúbàtà Mọ́nsúrù ni mo ń wọ́ lọ sí Okaishie. Òrùka ìgbéyàwó mi kò bọ́, ọṣẹ ni mo fi ń tì í. Ìyá ọkọ mi ní ọkùnrin ni mo máa bí, pé ọmọkùnrin ló máa ń wú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rẹ́rìn-ín sí mi, ara mi ló ń wú tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà Zuweira wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó bá mi dé ọsibítù, ó ní kí wọ́n dá mi dúró. Nọ́ọ̀sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Alata, wo ho yɛ," pé ara mi le, kí n máa lọ ilé. Dókítà wọn ní ẹ̀jẹ̀ náà ń gòkè lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò sì tó. Zuweira ní bí òun bá lè kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé irú rẹ̀ ti pa ẹnìkan nínú ìdílé wa, kò sẹ́ni tó máa dá mi padà. Òun kò lè kọ irọ́. Èmi kò sì mọ òótọ́.

Ìyá, bí ẹ bá ní kò sí nǹkan kan, n ó gbà yín gbọ́. N ó kẹ̀yìn sí Dansoman, n ó padà sídìí ìpara mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín ni mo ṣì gbọ́kàn lé ju gbogbo wọn lọ. Ìwòsí nìyẹn fún èmi gan-an.

Àmínátù


Okaishie, Akra
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 1998

Ìyá,

Fatawu dé lánàá. Ó ní òun dúró níwájú ìsọ̀ yín títí, ẹ ní ẹ kò ní nǹkan tí ẹ máa fi rán òun.

Orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ Ẹtì. Lónìí, mo dìde nídìí káńtà, ìràwọ̀ ń tàn lójú mi ní ọ̀sán gangan. Mọ́nsúrù ló dì mí mú. Wọ́n ní kí n padà wá sí ọsibítù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ di kànga yín mú. Bí mo bá kú, ẹ̀yin lẹ máa wá ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ènìyàn. Darkuman kò ní kànga o, ẹ tètè máa wá irọ́ mìíràn.

Fatawu ń dúró dè mí. Ó ní bí òun bá ti ń gbé ìwé yìí fún yín, òun máa yí mọ́tò padà ni.

Àmínátù


Ṣakí
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, 1998

Àmínátù,

Má wá ìkíni nínú ìwé yìí. Lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Mú obìnrin yẹn dání. Lẹ́yìn tí o bá ti dé ibẹ̀ ni kí o ka ìyókù.

Kì í ṣe kànga. Oyún Abíọ́lá ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, gbogbo wa ní oyún ni. Orí fọ́ ọ. Ó ní ìràwọ̀ ń tàn lójú òun, ọ̀rọ̀ kan náà tí o kọ. Gìrì mú un lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ń ta, ó ń gé ahọ́n jẹ, bàbá rẹ fi ṣíbí tẹ eyín rẹ̀ kó má baà gé e tán. Gìrì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló pa á, òun àti ọmọ.

Kò ní wárápá rí láyé rẹ̀. Àwa tó bí i mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́? Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ta lójú gbangba, tí ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni ayé ní fún un. Àwọn ọmọbìnrin wà nílé tí wọn kò tíì relé ọkọ, ìwọ wà lára wọn. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní kànga ni. A fẹ́ gba ọkọ fún yín. A gbà á.

Ó mú èmi náà. Oyún tó tẹ̀lé ọ, tí mo ní ó wálẹ̀ nítorí ẹrù tí mo gbé, gìrì ni. Mi ò kú, oyún náà ló lọ. Nítorí ẹ̀ nìkan lo ṣe dá wà bí ọmọ òrukàn.

Sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin ìlú Ọba yẹn, kó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe wù ú, kó kọ orúkọ mi sí i. Ó kúkú fẹ́ràn ìbéèrè. Ó bèèrè títí ó fi rí mi mú. Bí ìyá ọkọ rẹ bá gbọ́, kó gbọ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀nà Ṣakí là, kó wá bá mi nídìí ìsọ̀, èmi àti ẹ̀ jọ máa sọ ọ́.

Mi ò fi ewé kankan rán Fatawu lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti ti ìsọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Àkànkẹ́. Obìnrin yẹn ti bi ọ́ ní tìrẹ, tèmi nìyí.

Ìyá rẹ


Darkuman, Akra
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1998

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, pẹ̀lú ọmọ lápá. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Fatawu pé a wà láàyè, ó ní ẹ fò mọ́ òun lọ́rùn ní gáréèjì, pé orúnkún yín kò dùn yín lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán lórí ìdúró kí n tó lọ. Zuweira kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi orúkọ yín sí i. Dókítà ọsibítù kà á, ó bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀dì tí kò sí tẹ́lẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì tó ní ara mi le ló tẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kejì, gìrì mú mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti mú mi, láàárín àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún mi, kò sẹ́ni tó fi ṣíbí sí mi lẹ́nu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé e jáde. Obìnrin ni, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó mọ ìtumọ̀ ẹsẹ̀ wíwú. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí gbígbóná, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò kéré. Gbogbo wọ́ọ̀dù ní ta ló jọ. Afeefah ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi fi Abíọ́lá kún un.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá ọkọ mi fúnra mi, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ó jókòó tì mí. Ó wá ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kú báyìí, oyún oṣù méje. Ó ní ẹja olóró ni àwọn sọ pé ó jẹ. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ wẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ nídìí ìsọ̀.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. Ẹ fi mí sílẹ̀ títí ìràwọ̀ fi tàn lójú mi. Nígbà tí ẹ bá wá wo ọmọ yìí, a máa jà á, ẹ múra sílẹ̀. Ẹ má gbé káún wá.

Dókítà Zuweira wá kí wa lánàá. Ó ní bí mo bá ń kọ̀wé sí yín, kí n má gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi fún lẹ́tà yẹn. Mo wò ó. Mo ní obìnrin yìí lọ kọ́ ewé nílùú Ọba lóòótọ́, kò tíì mọ nǹkan kan. Nínú ìdílé wa, a kì í dúpẹ́ oògùn.

Ọmọ yín,
Àmínátù, ìyá Abíọ́lá